Ìka Warsiti àti Ìpara Orúnkún

Ọdún kọkàndínlógún rèé tí Warsiti ti ń tẹ́ awọ èèyàn sórí ìgò. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ lè ya ẹnu, kó rò pé iṣẹ́ ìkọ̀kọ̀ kan ni obìnrin náà ń ṣe. Iṣẹ́ ọ̀sán gangan ni o, ní yunifásítì kan ní ìlú Yogyakarta ní erékùṣù Jawa, ní àjà kejì ilé tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn apòògùn. Àwọn tí wọ́n bá lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ikùn, tí wọ́n gé awọ tó ṣẹ́kù sílẹ̀ kúrò lára wọn, máa ń fọwọ́ sí ìwé pé kí wọ́n fi awọ náà ṣe ìwádìí. Awọ á dé nínú àpótí oníyìnyín. Warsiti á yọ ọ̀rá kúrò lábẹ́ rẹ̀, á fi abẹ rẹ́ ẹ títí tí yóò fi fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà, á wá gé e wẹ́wẹ́, ẹyọ kọ̀ọ̀kan kò ju ìdérí ìgò lọ.

Ìgò tí à ń sọ yìí, onípele méjì ni. Omi oníyọ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara èèyàn wà nísàlẹ̀, awọ ló dé e lórí, orí awọ náà ni wọ́n sì ń fi ìpara sí. Fún wákàtí mẹ́jọ ni Warsiti yóò máa fi abẹ́rẹ́ fa omi díẹ̀díẹ̀ jáde láti ìsàlẹ̀. Wọ́n á gbé omi náà lọ sínú ẹ̀rọ ní yàrá kejì, ẹ̀rọ á sì sọ iye oògùn tó gba inú awọ kọjá. Ìpara tó bá wọlé, oògùn ni. Èyí tí kò bá wọlé, ọ̀rá lásán ni wọ́n ń fi ra ara.

Lẹ́nu, iṣẹ́ yìí rọrùn. Ẹ wá tẹ́ awọ náà wò ná! Bó bá ká bíńtín ní ẹ̀gbẹ́ kan, oògùn á gba ibẹ̀ já. Bí afẹ́fẹ́ bá há sábẹ́ rẹ̀, oògùn ò ní rọ́nà kọjá. Òfin yàrá náà ni pé ìbọ̀wọ́ kò gbọ́dọ̀ kúrò lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ìbọ̀wọ́ kì í jẹ́ kí ìka mọ nǹkan kan. Ọgbọ́n tí Warsiti ń dá ni pé yóò kọ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà, yóò bọ́ ìbọ̀wọ́ ọ̀tún, yóò sì fi ìka ìtọ́ka rẹ̀ ra orí awọ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láti àárín lọ sí etí. Gbogbo ibi tó bá ká, gbogbo ibi tí afẹ́fẹ́ bá ti há, ìka yẹn á mọ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Òun fúnra rẹ̀ ló rí i, òun nìkan ló sì mọ̀ ọ́n, inú rẹ̀ a sì máa dùn sí i ju bó ti yẹ lọ.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ìpara orúnkún dé. Dókítà Larasati ló ṣe é, tí gbogbo wọn ń pè ní Bu Laras, ìyẹn Ìyá Laras, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì tó gba ipò ọ̀gá àtijọ́ nígbà tí ìyẹn fẹ̀yìn tì. Temulawak, irú ata ilẹ̀ pupa kan tí àwọn ará Jawa ń sè mu, ló fi ṣe ìpara náà fún àwọn àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn. Ìyá Warsiti, Simbok Karni, wà lára irú wọn. Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni, kò lè forí kanlẹ̀ kírun mọ́, orí àga ló ń jókòó sí. Ní ọjọ́ Àìkú gbogbo, ìbéèrè kan náà ni: "Nduk, ọmọ mi, ṣé ìpara yẹn ti jáde?"

Ó ti di ọdún mẹ́ta tí wọ́n ti wà lórí ìpara yìí, nọ́ńbà rẹ̀ kò sì fi ọjọ́ kan dúró sójú kan.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ṣáájú ààwẹ̀, Bu Laras wọlé pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Kò jókòó.

"Bu Warsi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo nǹkan yìí. Ìpara kan náà. Awọ ikùn obìnrin kan náà. Èyí wọlé ní ọgọ́rin, èyí wọlé ní mọ́kànlá. Ṣé awọ náà ń bínú ni?"

"Mi ò mọ̀, Bu. Bí mo ṣe ń ṣe é náà ni mo ṣe é."

"Èmi mọ̀. Afẹ́fẹ́ ló ń há sábẹ́ ẹ̀. Èyí tó wọlé, ọwọ́ yín ṣe é dáadáa. Èyí tí ò wọlé, ọwọ́ yín gbọ̀n."

"Afẹ́fẹ́ kankan ò há, Bu."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

Ṣé kí Warsiti ní ìka òun ló sọ fún òun? Ìka tí kò yẹ kó kúrò nínú ìbọ̀wọ́? Ó tẹjú mọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, Bu Laras sì ka ìyẹn sí ohun mìíràn.

"Kò sí ìtìjú ńbẹ̀, Bu. Ojú a máa rẹ̀ èèyàn. Àwọn ìgbìmọ̀ tó ń fọwọ́ sí oògùn títà ń bọ̀ wá wo iṣẹ́ wa ní ìparí oṣù kẹfà. Tí nọ́ńbà yìí ò bá dúró kó tó dìgbà yẹn, màá ní kí wọ́n gbé yín lọ sí yàrá ìkẹ́rù, kí ẹ máa bójú tó àwọn ìgò. Iṣẹ́ ibẹ̀ ò le rárá."

Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, bí ẹni ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀, ìyẹn gan-an ló sì ká Warsiti lára jù. Ì bá sàn kó pariwo. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta tí kò fọ́ ìgò kan rí! Yàrá ìkẹ́rù! Ara rẹ̀ gbóná fún ìbínú, lẹ́yìn náà ó tutù, nítorí ẹ̀rọ amúlétutù yàrá náà kì í ṣàánú ẹnikẹ́ni. Ó fa ìgò kékeré aláwọ̀ ewé rẹ̀ yọ lápò, ti kayu putih, òróró olóòórùn líle tí àwọn ará Jawa fi ń lé òtútù, ó fi ra ọrùn, ó fi ra abẹ́ imú, kí atẹ́gùn má baà wọ̀ ọ́ lára, ó sì padà sídìí iṣẹ́.

Ààwẹ̀ dé. Látọjọ́ kìíní títí dé ọjọ́ ìkẹyìn, nọ́ńbà kan kò kọjá mẹ́tàlá.

Pak Tukijo, tó ń tọ́jú ẹ̀rọ ní yàrá kejì, ló ń gbé èsì wá. Ọ̀rẹ́ Warsiti ni láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ẹnu rẹ̀ ò sì dákẹ́.

"Mbak Warsi, ìpara yín ti di mùsùlùmí gidi o. Láti àárọ̀ títí di ìṣínu, kò fẹnu kan nǹkan kan!"

"Tukijo, má jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ tó máa ba ààwẹ̀ mi jẹ́."

"Mo fẹ́ kó o rẹ́rìn-ín ni."

"Ẹ̀rín ti tán nínú mi."

Bu Laras ní tirẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ebi ló ń gbọ̀n ọwọ́ Warsiti. Lẹ́yìn ọdún ìtúnu ààwẹ̀, nọ́ńbà fò sókè padà, ọgọ́rin, méjìlélọ́gọ́rin, Bu Laras sì pàtẹ́wọ́: "Ẹ rí i? Ẹ ti jẹun!" Warsiti rẹ́rìn-ín músẹ́ gẹ́gẹ́ bí ọmọlúwàbí, ó lọ sí ilé ìyàgbẹ́, ó ti ìlẹ̀kùn, ó sì fi tìbínútìbínú lu ògiri lẹ́ẹ̀mẹta. Òun tó ń gbààwẹ̀ láti kékeré! Òun tó ń gba ti Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀ láti ọdún mẹ́rin tí ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ti lọ ṣiṣẹ́ ní Hong Kong, kí Ọlọ́run lè máa ṣọ́ ọ! Ebi wo ló fẹ́ gbọ̀n ọ́n lọ́wọ́?

Èrò yẹn ló mú kó dúró lójijì, pẹ̀lú ọwọ́ lórí ògiri. Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀.

Nọ́ńbà awọ ni ẹ̀rọ Pak Tukijo máa ń kọ, kì í kọ ọjọ́. Warsiti nìkan ló ń kọ ọjọ́ sínú ìwé tirẹ̀. Ó jókòó, ó kó ìwé náà àti ìwé èsì ẹ̀rọ síwájú, ó fi bírò pupa ṣe àmì sí gbogbo ọjọ́ tí ìpara kò wọlé. Ọjọ́ Ajé. Ọjọ́bọ̀. Ọjọ́bọ̀. Ọjọ́ Ajé. Ọdún mẹ́ta gbáko, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí èyí tó yẹ̀. Bí ẹni da omi tútù sí i lẹ́yìn ló rí. Bu Laras ló tọ̀nà, àbí? Ebi ni. Ọwọ́ ń gbọ̀n ọ́n tí kò sì mọ̀.

Ó fi han Pak Tukijo. Ìyẹn kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ó tún wo ojú rẹ̀, ó sì gbé ẹ̀rín mì.

"Kí lo fẹ́ ṣe báyìí?"

"Mi ò ní gba ti Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ yìí."

"Nítorí ìpara?"

"Nítorí ọwọ́ mi."

Ní Ọjọ́bọ̀ yẹn, Warsiti jẹ gudeg pẹ̀lú ẹyin méjì, ó jẹ tempe díndín lé e, ó mu tíì oníṣúgà, ó sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ nínú ọkàn. Bó ṣe dé ibi iṣẹ́, ẹ̀rọ amúlétutù ti bàjẹ́. Gbogbo wọn ń làágùn. Ó tẹ́ awọ mẹ́fà sórí ìgò mẹ́fà, ìka rẹ̀ rà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí èyí tó ká, kò sí afẹ́fẹ́ lábẹ́ ìkankan. Ikùn rẹ̀ kún débi pé ó ń gùn ún. Lọ́jọ́ kejì, Pak Tukijo gbé èsì wá, kò sì ṣẹ̀fẹ̀.

Mẹ́wàá. Mọ́kànlá. Mẹ́sàn-án. Méjìlá. Mẹ́wàá. Mọ́kànlá.

"Mo jẹun o!" Warsiti pariwo. "Tukijo, mo jẹun yó! Ẹyin méjì!"

Kò mọ̀ bóyá kóun jó ni tàbí kóun sunkún. Kì í ṣe ebi. Ọwọ́ òun kò gbọ̀n. Ṣùgbọ́n bí kì í bá ṣe ebi, kí wá ni? Kí lòun máa ń ṣe lọ́jọ́ tí òun kò gbààwẹ̀, tí òun kò sì ṣe lánàá?

Wọ́n tún ẹ̀rọ amúlétutù náà ṣe lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì yẹn. Yàrá tutù padà, ọrùn Warsiti bẹ̀rẹ̀ sí í le, ọwọ́ rẹ̀ sì lọ sápò fúnra rẹ̀. Ó ṣí ìgò aláwọ̀ ewé náà, ó da òróró sórí ìka ìtọ́ka, ó fi ra ọrùn, ó fi ra abẹ́ imú, ó fi aṣọ ìnujú nu ìka náà, ó sì nawọ́ sí awọ tó kàn.

Ìka náà dúró lófuurufú.

Bàbá Warsiti, tó kọ́ àwọn ọmọ abúlé ní Kùránì títí ó fi kú, ló kọ́ ọ pé aláàwẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fa òórùn líle símú. Nítorí náà, lọ́jọ́ ààwẹ̀, ìgò kayu putih máa ń wà nílé, nínú dúrọ́ọ̀. Lánàá náà, ooru kò jẹ́ kó fọwọ́ kàn án. Ní ọjọ́ yòókù gbogbo, òwúrọ̀ ló ń fọwọ́, ẹ̀yìn ìfọwọ́ ló ń fi òróró para, ẹ̀yìn òróró ló sì ń fi ìka ra awọ. Ọdún mẹ́ta. Kò sì sẹ́ni tó gbọ́ òórùn rẹ̀ lára awọ rí, nítorí ta ni yóò dá òórùn kayu putih mọ̀ sọ́tọ̀ ní Jawa? Gbogbo ilé ló ń rùn bẹ́ẹ̀. Bu Laras gan-an ń fi para.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó gé awọ mẹ́fà láti ara ikùn kan náà. Ó fi ọṣẹ fọ ìka rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó fi ra mẹ́ta. Ó fi kayu putih sí i, ó nù ún bó ti máa ń nù ún, ó fi ra mẹ́ta yòókù. Lẹ́yìn náà ó dúró de èsì.

Mẹ́ta àkọ́kọ́: mọ́kànlá, mẹ́wàá, méjìlá. Mẹ́ta kejì: ọgọ́rin, mọ́kànlélọ́gọ́rin, méjìdínlọ́gọ́rin.

Ohun tó ń wá láti ọjọ́ yìí, ó ti rí i, kò sì dùn. Ìpara náà kò wọlé. Kò wọlé rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é. Òróró ọwọ́ òun ló ń ṣílẹ̀kùn fún un. Àwọn ọjọ́ tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún òun, òun ló ba iṣẹ́ jẹ́. Àwọn ọjọ́ tí wọ́n ń bú òun, iṣẹ́ òun péye.

Ẹ sì wò ó, ọ̀nà àbáyọ kan wà tó rọrùn ju mímí lọ. Kó máa gbé ìgò náà wá ní Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀. Kò pọn dandan kó fà á símú, kó ṣáà fi kan ìka. Nọ́ńbà á dúró ní ọgọ́rin, ìgbìmọ̀ á dé, Bu Laras á yọ̀, Warsiti ò ní rí ojú yàrá ìkẹ́rù. Ó rò ó. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé kò rò ó. Ó rò ó láti ọ̀sán títí tí wọ́n fi pe ìrun Àsárì, ìrun yẹn ló sì rán an létí àga Simbok. Wọ́n á ta ìpara náà. Simbok á máa fi ra orúnkún láàárọ̀ àti lálẹ́, á máa dúró kó wọlé, á sì máa sọ fún àwọn aládùúgbò pé ọmọ òun wà níbi tí wọ́n ti ṣe é.

Ó fa bírò yọ, ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, ìka tí kò ní ìbọ̀wọ́ àti òróró àti ohun gbogbo, ó sì gbé e lọ sí ọ́fíìsì Bu Laras.

Bu Laras kà á. Ó tún un kà. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn jẹ́jẹ́ yẹn ti lọ.

"Ìka lásán? Ẹ̀ ń fi ìka lásán kan awọ mi láti ọdún mẹ́ta?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bu."

"Ọdọọdún ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ mi ní kíláàsì pé kayu putih a máa ṣí awọ sílẹ̀ fún oògùn. Ọdọọdún! Mo sì ń gbóòórùn ẹ̀ lára yín lójoojúmọ́." Ó ju ìwé náà sórí tábìlì. "Ẹ ti ba iṣẹ́ ọdún mẹ́ta mi jẹ́, Bu Warsi."

"Èmi ni, Bu. Ẹ dárí jì mí. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ò gbọ̀n." Ohùn Warsiti fúnra rẹ̀ ti ń gbọ̀n báyìí, kò sì bìkítà. "Gbogbo ọjọ́ tẹ́ ẹ sọ pé ọwọ́ mi gbọ̀n, ọjọ́ yẹn gan-an ni mo ṣe é dáadáa. Ẹ bá mi kọ ìyẹn náà síbì kan."

Bu Laras wò ó. Ojú rẹ̀ kún fún omi, ó sì yíjú sí fèrèsé títí omi náà fi gbẹ. Pak Tukijo, tó ti ń fetí kọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kò lè mú un mọ́ra.

"Bu, ẹ ṣá da kayu putih sínú ìpara náà, kó parí!"

"Ìpara mìíràn nìyẹn, Pak. Ìwé àṣẹ mìíràn. Awọ mìíràn, láti orí nọ́ńbà kìíní." Ó nu imú. "Ọdún mẹ́ta mìíràn."

Wọ́n kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ pé kí wọ́n má wulẹ̀ wá. Wọn kò gbé Warsiti lọ sí yàrá ìkẹ́rù, nítorí kò sí ẹlòmíràn tó lè tẹ́ awọ, ṣùgbọ́n ìbọ̀wọ́ méjì méjì ni wọ́n ní kó máa wọ̀ lọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan, kó sì máa dojú kọ ẹnu ọ̀nà. Ní Ọjọ́ Ajé, ó tẹ́ awọ àkọ́kọ́ ti ìpara tuntun, èyí tó ní kayu putih nínú. Ìka rẹ̀ kò mọ nǹkan kan. Afẹ́fẹ́ há sábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kíní, ó há lẹ́ẹ̀kejì, ó há lẹ́ẹ̀kẹta, Warsiti sì ń bú ìbọ̀wọ́ náà wúyẹ́wúyẹ́, lórí ààwẹ̀ ni o. Ẹ̀ẹ̀kẹrin ló tó dúró. Èyí tí ìka lásán ì bá ti ṣe parí lẹ́ẹ̀kan.

Ní ọjọ́ Àìkú, ó lọ kí Simbok. Ìyá náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán, ó ṣì wà lórí àga, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa orúnkún.

"Nduk, ṣé ìpara yẹn ti jáde?"

"Kò tíì jáde, Simbok."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń ṣe é látọjọ́ yìí? Kí ló ṣe é?"

Warsiti kúnlẹ̀ síwájú àga náà. Ó fa ìgò aláwọ̀ ewé jáde, ó da òróró sórí ìka ìtọ́ka, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ra orúnkún ìyá rẹ̀ láti àárín lọ sí etí. Ìka náà ń gbọ́ gbogbo egungun tó yọ, gbogbo ibi tó wú.

"Èmi ni mo bà á jẹ́, Simbok," ló wí. "Ẹ ṣì máa lo àga yìí fún ọdún mẹ́ta sí i."

Simbok fi ìka ṣírò ọjọ́ orí ara rẹ̀.

"Ọdún mẹ́ta," ló wí. "Bá mi fi ra èkejì náà."